Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́: ẹ má tíì pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí

Jẹ̀díjẹ̀dí ni orúkọ tí a fi ń bo àìsàn oríṣiríṣi mọ́lẹ̀. Bí ìdí bá ń ro èèyàn, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ọkùnrin bá ń ráhùn pé okun òun ti dín kù, wọ́n á ní nǹkan dídùn ló jẹ jù. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá bá ìgbẹ́ jáde, orúkọ kan náà ni wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á sì júwe alágbo fún un.

Nínú gbogbo wọn, ẹ̀jẹ̀ yìí ló yẹ kó já wa láyà. Ó lè jẹ́ iṣan ìdí tó wú, èyí tí kì í sábà pa èèyàn. Ó lè jẹ́ pé ìgbẹ́ líle ló ya ẹnu ìdí. Ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá, àìsàn tí ó mú èèyàn tó tó mílíọ̀nù 1.9 káàkiri ayé lọ́dún 2022, tí ó sì pa ohun tó lé ní 900,000 lọ́dún náà. Nínú gbogbo oríṣi jẹjẹrẹ, ti ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń pa èèyàn jù ú lọ. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìbáà ṣe alágbo, ìbáà ṣe oníkẹ́míìsì, ìbáà sì ṣe dókítà tí kò tíì yẹ aláìsàn wò.

Ṣúgà kọ́ ló ń fa iṣan ìdí tó ń wú. Ohun tó ń fà á ni kí èèyàn máa gin nígbà gbogbo kí ìgbẹ́ tó jáde, jíjókòó pẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀, oúnjẹ tí kò ní ẹ̀fọ́ àti èso, àti oyún. Ẹni tó bá fi nǹkan dídùn sílẹ̀ kò ṣe ohun tó burú, ṣùgbọ́n kò tíì tọ́jú ohun tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ìdí tí àgbo fi ń dà bíi pé ó ṣiṣẹ́

Kókó jẹjẹrẹ kì í ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbẹ́ á ha á lójú, ẹ̀jẹ̀ á jáde fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà á dá fúnra rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù kan. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu àgbo lọ́jọ́ kejì, tí ẹ̀jẹ̀ dá lọ́jọ́ karùn-ún, á gbà tọkàntọkàn pé àgbo ló wo òun sàn. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, á ní jẹ̀díjẹ̀dí ti padà dé. Yíyípo báyìí ló ń jẹ ọdún kan, ọdún méjì, lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí ọwọ́ ti fẹ́ bọ́ sórí.

Ohun kejì ni pé àgbo jẹ̀dí púpọ̀ máa ń mú kí èèyàn yàgbẹ́ gbuuru. Ìgbẹ́ rírọ̀ kì í ha egbò bí ìgbẹ́ líle ti ń ha á, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kókó wà níbẹ̀, ó ń dàgbà. Bó bá sì jẹ́ inú ògógóró ni wọ́n rẹ egbòogi náà sí, wàhálà ti di méjì, torí ọtí fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ yìí.

Ohun kan tún wà tí ó ń ṣi àwọn dókítà pàápàá lọ́nà: èèyàn lè ní iṣan ìdí tó wú kí ó sì ní jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Rírí èkíní kò fi hàn pé èkejì kò sí.

Ọdún mẹ́wàá tí kókó fi ń dàgbà

Ìfun ńlá gùn tó nǹkan bíi mítà kan àtààbọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, ó gòkè dé abẹ́ ẹ̀dọ̀, ó dábùú ikùn kọjá sápá òsì, ó wá sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìdí. Omi ló ń fà kúrò nínú ìyókù oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ fi máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ lápá ọ̀tún, tí á sì ti dì kó tó dé apá òsì.

Lára ògiri ìfun yìí ni kókó kékeré tí àwọn dókítà ń pè ní pólíìpù ti ń hù. Àwọn kan ní igi bí olú, àwọn kan pẹlẹbẹ. Púpọ̀ nínú wọn kò ní di nǹkan kan títí ayé, ṣùgbọ́n inú wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá ti ń jáde, ó sì sábà máa ń gbà tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́wàá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò dúró lé. Bí a bá rí pólíìpù tí a gé e kúrò, jẹjẹrẹ tí ì bá ti inú rẹ̀ jáde kò ní sí rárá. Àìsàn tí àyẹ̀wò rẹ̀ lè ṣe báyìí kò pọ̀.

Bí ọjọ́ bá wá lọ, apá ibi tí kókó wà ló ń sọ irú àmì tí èèyàn á rí. Lápá òsì àti nítòsí ìdí, ojú ọ̀nà á dín: ìgbẹ́ á máa jáde tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kó há lónìí kó ṣàn lọ́la, ẹ̀jẹ̀ pupa á hàn, èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nílé ìgbọ̀nsẹ̀, á tún máa ṣe é bíi pé ìgbẹ́ kù nínú. Lápá ọ̀tún, ìgbẹ́ rọ̀, àyè sì gbà, nítorí náà nǹkan lè má dí fún ìgbà pípẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń jò níbẹ̀, á pò mọ́ ìgbẹ́ débi pé ojú kò ní rí i. Àárẹ̀ ni onítọ̀hún á kọ́kọ́ mọ̀. Bó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì.

Ibí yìí ni a ti ń pàdánù ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ni. Wọ́n á yẹ PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara, wò, á jẹ́ 27, tó kéré, wọ́n á kọ oògùn ẹ̀jẹ̀, PCV á gòkè, gbogbo ilé á yọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ó sì lè tipa bẹ́ẹ̀ bo ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde mọ́lẹ̀. Bí ọkùnrin, tàbí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, bá ní àìtó ẹ̀jẹ̀ nítorí àìtó irin lára, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: níbo ni ẹ̀jẹ̀ náà ń jò gbà? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi oògùn ẹ̀jẹ̀ pa ìbéèrè yẹn.

Ẹ lọ rí dókítà bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dá. Bí bí ẹ ṣe ń yàgbẹ́ bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń rù láìgbààwẹ̀. Bí ọwọ́ bá kan kókó nínú ikùn yín. Bí inú bá ń run yín lemọ́lemọ́. Bí ikùn bá wú, tí ìgbẹ́ àti isó kò jáde mọ́, tí èébì sì bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìfun ti dí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má sọ fún un pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ yín lẹ́nu, torí orúkọ yẹn á ti fún un ní ìdáhùn kó tó bèèrè. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà, bóyá ó lẹ̀ mọ́ ara ìgbẹ́ tàbí ó pò mọ́ ọn, iye ìgbà tí ẹ ń yàgbẹ́ lóòjọ́ tẹ́lẹ̀ àti nísinsìnyí. Dókítà gbọ́dọ̀ fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ ìdí yín wò. Kì í gbà tó ìṣẹ́jú kan, kókó tó bá sì wà nítòsí ẹnu ìdí, ìka lásán lè kàn án. Ojú máa ń ti àwọn bàbá wa gan-an níbi èyí, a mọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà tó kọ oògùn jẹ̀díjẹ̀dí láìfọwọ́ kan aláìsàn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé kó ṣe é.

Kì í ṣe àìsàn àgbàlagbà nìkan mọ́

Òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà nì, Chadwick Boseman, jẹ́ ẹni ọdún 43 nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá pa á ní oṣù kẹjọ ọdún 2020. Preta Gil, akọrin Brazil, ọmọ Gilberto Gil, kú ní oṣù keje ọdún 2025 lẹ́ni ọdún 50. Ní Amẹ́ríkà, nínú èèyàn 100 tí wọ́n rí àìsàn yìí lára wọn lọ́dún 1995, nǹkan bíi 11 ni kò tíì pé ọdún 55. Nígbà tó fi di 2019, wọ́n ti di 20. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló sì wà lára àwọn tó ń jìyà rẹ̀ jù: ó fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 wọ́pọ̀ lára wọn ju ti aláwọ̀ funfun lọ, ikú rẹ̀ sì fi nǹkan bí ìdá 40 ju tiwọn lọ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n sọ ọjọ́ orí tí àyẹ̀wò ń bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kalẹ̀ láti 50 sí 45 lọ́dún 2021, títí dé 75. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ibẹ̀ ni òfin ní kí ó san owó rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 50 sí 74, wọ́n á fi ohun èlò àyẹ̀wò ránṣẹ́ sílé yín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì-méjì. Àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò tí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ni wọ́n ń lò. Ẹ̀yin ará wa tó ń kó láti yàrá kan sí òmíràn ní Ìlú Ọba, bí ẹ kò bá lọ yí àdírẹ́sì yín padà lọ́dọ̀ GP, ilé tí ẹ ti kó kúrò ni páálí yín á lọ.

Ní Nàìjíríà, kò sí ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń pe àwọn tí ara wọn le wá fún àyẹ̀wò yìí. Olúkúlùkù ló ń tọrọ tirẹ̀, tó sì sábà máa ń san án lápò ara rẹ̀. Iṣẹ́ gidi wà tí wọ́n ń ṣe ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn dókítà OAU àti ti ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York ti jọ dá ẹgbẹ́ ìwádìí ARGO sílẹ̀ lọ́dún 2013, tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá sì wà lára ohun tí wọ́n gbájú mọ́ jù. Wọ́n ń ṣe colonoscopy, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi kámẹ́rà wo inú ìfun, láwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní FIT

FIT ń wá ẹ̀jẹ̀ èèyàn nínú ìgbẹ́, èyí tí ojú kò lè rí. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹran tí ẹ jẹ lánàá. Irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ ti àtijọ́ ni ẹran pupa àti fítámì C máa ń dà rú. Tí ẹ bá ń ṣe é ní ilé àyẹ̀wò níbí, ẹ bèèrè èwo ni wọ́n ń lò. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́, kí wọ́n sọ oúnjẹ tí ẹ ó yẹra fún kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ tẹ́ bébà tàbí abọ́ ike tó mọ́ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ìgbẹ́ má kan omi tàbí ìtọ̀. Ẹ ṣí ìgò kékeré náà, ẹ fi igi rẹ̀ ha ìgbẹ́ níbi mélòó kan, kì í ṣe ojú kan. Ohun tó bo ojú ihò igi náà ti tó. Bó bá pọ̀ jù, ó lè ba àbájáde jẹ́. Ẹ tì í padà títí tó fi dún, ẹ kọ ọjọ́ sára rẹ̀, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Oòrùn ilẹ̀ wa ṣe pàtàkì níbí: ooru máa ń ba ẹ̀jẹ̀ inú ìgò náà jẹ́, tí àbájáde á fi sọ pé kò sí nǹkan nígbà tí nǹkan wà. Ẹ má fi sílẹ̀ sínú mọ́tò. Kí obìnrin má ṣe é nígbà tó ń ṣe nǹkan oṣù.

Bó bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ wà, ìyẹn kò túmọ̀ sí jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ tó rí irú àbájáde bẹ́ẹ̀ kò ní in. Ohun tó kàn ni colonoscopy. Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn máa tún FIT ṣe títí yóò fi rí èyí tó sọ pé kò sí nǹkan, torí kókó tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lónìí lè má ṣẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀, tí ara sì le, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Bí àmì àìsàn bá ṣì wà lára, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà láìka ohun tí ìwé wí sí.

Àwọn ilé àyẹ̀wò kan tún ń ta àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CEA bí ohun tí a fi ń wá jẹjẹrẹ ìfun. CEA wúlò láti máa fi tẹ̀lé ẹni tí a ti mọ̀ pé ó ní àìsàn náà. Ó lè wà ní ìwọ̀n tó dára nígbà tí jẹjẹrẹ ti wà, ó sì lè ga lára ẹni tó ń mu sìgá lásán. Ẹ fi owó yẹn ṣe FIT.

Colonoscopy, láti orí ìmúrasílẹ̀

Ọ̀pá rírọ̀ kan tó ní kámẹ́rà lẹ́nu, tí kò nípọn ju ìka lọ, ni wọ́n á ti ìdí tì bọnú ìfun dé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó máa ń gbà tó 20 sí 45 ìṣẹ́jú, wọ́n sì sábà máa ń fún èèyàn ní oògùn tó ń kun ni lóorun. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ìfun kí ojú lè ríran, ìyẹn ló ń fa inú wíwú àti isó lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá rí pólíìpù, okùn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n á fi há a lọ́rùn, wọ́n á gé e kúrò lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ tó le jù wà lọ́wọ́ aláìsàn, kì í ṣe lọ́wọ́ dókítà: ìfun gbọ́dọ̀ mọ́. Bí ìgbẹ́ bá ṣẹ́kù, pólíìpù pẹlẹbẹ á sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n ní kí ẹ lọ kí ẹ padà wá, owó á sì ti lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin dúró. Ẹ sọ gbogbo oògùn yín fún dókítà, pàápàá ti ìtọ̀ ṣúgà àti èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ má fúnra yín dá wọn dúró. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ fi ẹ̀fọ́, ewédú, ilá, ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, gúáfà àti ata tó ní kóró sílẹ̀. Ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, ẹyin, ẹja àti adìẹ ló dára.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, kò sí oúnjẹ líle rárá. Omi, tíì tí kò ní mílíìkì, omi ẹran tí a fi asẹ́ sẹ́ dáadáa, ohun mímu tó mọ́ gaara. Ògì kò sí lára rẹ̀. Ẹ má mu zobo tàbí ohunkóhun tó pupa, torí inú kámẹ́rà, ẹ̀jẹ̀ ló máa jọ. Oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi, tó sábà máa ń jẹ́ lítà 2 sí 4, ni ẹ ó mu ní ìdá méjì: ìdajì ní alẹ́, ìdajì tó kù ní nǹkan bíi wákàtí 4 sí 6 ṣáájú àyẹ̀wò, kọ́ọ̀bù kan ní ìṣẹ́jú 10 sí 15. Àwọn tó ń mu gbogbo rẹ̀ lálẹ́ kí wọ́n lè sùn ni ìfun wọn kì í sábà mọ́. Bó bá tutù, ó rọrùn láti mu. Ẹ fi fasilín pa ẹnu ìdí kó má bó. Ohun tó ń jáde gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dà bí ìtọ̀: ó ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì mọ́ gaara. Bó bá ṣì dúdú tàbí ṣùjọ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ẹ tó gorí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ mú èèyàn dání tó máa sìn yín lọ sílé. Ẹ má wa mọ́tò lọ́jọ́ náà. Kí ìfun lu ṣọ̀wọ́n, kì í tó ẹnì kan nínú 1,000 níbi àyẹ̀wò lásán, ṣùgbọ́n bí inú bá ń run yín gan-an, tí ibà gbé yín, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ẹ padà lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ohun tí wọ́n gé fún yín láti gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí ó wà nínú fọ́málíìn, kì í ṣe inú omi. Ẹ gba èsì rẹ̀ lórí ìwé, torí irú pólíìpù tó jẹ́ ló máa sọ bóyá ẹ ó padà wá lẹ́yìn ọdún 3 tàbí lẹ́yìn ọdún 10.

Bí jẹjẹrẹ bá wá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìgbà tí a rí i ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú èèyàn 10 tí wọ́n rí tiwọn ní ìpele kìíní, bíi 9 ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ní ìpele kẹrin, bí ẹnì kan ni. Ìbẹ̀rù àpò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ikùn fún ìgbẹ́ ló ń mú kí àwọn kan sá fún iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń lò ó, ọ̀pọ̀ tó sì ń lò ó, wọ́n á dá ìfun wọn padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá tètè wá ni àǹfààní yẹn pọ̀ fún jù.

Oúnjẹ àti ìdílé

Oníṣẹ́ abẹ kan, Denis Burkitt, tó ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà, ló kíyè sí i pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará oko tó ń jẹ oúnjẹ tó ní fáíbà, ìyẹn èèpo àti okùn inú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso, ó sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1971. Lọ́dún 2015 ni ìwádìí kan tó ṣe kedere jù jáde: wọ́n mú 20 aláwọ̀ dúdú láti Pittsburgh, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ oko Gúúsù Áfíríkà fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fún 20 ará oko níbẹ̀ ní oúnjẹ Amẹ́ríkà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, èròjà butyrate, tó ń dáàbò bo ògiri ìfun, gòkè ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀ lára àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì já sí ìdajì lára àwọn ará oko.

Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ilá, àgbàdo àti èso tí àwọn ìyá wa ń fún wa jẹ ni oúnjẹ yẹn. Ohun tó ń lé e kúrò nílé wa ni sọ́séèjì, ẹran inú agolo, àti búrẹ́dì funfun láàárọ̀ àti lálẹ́. Àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ lọ́dún 2015 pé gíráàmù 50 ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ tàbí kẹ́míkà pa mọ́ lójoojúmọ́ ń fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 kún ewu yìí. Sọ́séèjì ńlá kan ni gíráàmù 50. Sìgá, ọtí, sísanra jù àti ìjókòó lójú kan náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́ lè ní in, nítorí náà oúnjẹ kò gba ipò àyẹ̀wò.

Ẹni tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá ti ní in kò gbọ́dọ̀ dúró de ọdún 45. Ọdún 40 ni kó bẹ̀rẹ̀ colonoscopy, tàbí kó yọ ọdún 10 kúrò nínú ọjọ́ orí tí wọ́n rí i lára ẹni yẹn, èyí tó bá tètè dé. Bí ó bá jẹ́ ọdún 44 ni wọ́n rí i lára ẹ̀gbọ́n, àbúrò á bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 34. Ìṣòro wa ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ ohun tó pa òkú wọn. Ìwé ìsìnkú á ní àìsàn ránpẹ́, àwọn ará ilé á ní inú rírun ni, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Ẹ lọ jókòó ti ìyá àgbà tó kù nílé. Ẹ bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni bàbá wà nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, ṣé ó rù, ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ṣé ikùn rẹ̀ wú kó tó kú, ṣé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ilé ìwòsàn wo ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ìyá yín kọ̀ọ̀kan mú un dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà.